Ṣé Ó Ń Jóná Dáadáa?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi," ni Husain wí. Ó ní láti gbé ohùn sókè kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má baà bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀ríolúwa gbé kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó fi àkísà nu ọwọ́. Ẹni tó bá ti ń bẹ ènìyàn pé kó má bínú kí ó tó sọ ohun tó bá wá, ohun náà kì í sábà dùn ún gbọ́. Láti òdìkejì ògiri ni ìró àwọn tó ń kó àga ìyálò sínú ọkọ̀ ti ń wá. Wọ́n ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ Alhaji Bàrúwà, ará ilé kejì rẹ̀, tán, àwọn àlejò ti jẹ, wọ́n ti mu, kálukú sì ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá wa ni," ni Husain tún wí. Òun ni àkọ́bí olóògbé, iṣẹ́ títa ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló ń ṣe ní Kútọnu. "Ẹ̀yin náà rí i bí wọ́n ṣe rí. Lọ́la ni mò ń padà, àwọn àbúrò mi ti lọ. Àwọn nìkan ló máa kù nínú ilé, wọ́n sì ń ṣe opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni wọn ò fi ní jáde. Ẹ wá wo ariwo yìí, tọ̀sán-tòru, lábẹ́ fèrèsé wọn." Ó na ọwọ́ sí jẹnẹrétọ̀. "Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i, kí wọ́n lè sinmi."

"Ṣé Màmá ló ní kó o wá bá mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síwájú opó? Èmi ọmọ wọn ló rí i pé ó yẹ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀ríolúwa wo jẹnẹrétọ̀, ó wo fèrèsé yàrá tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà. Ó fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá rẹ̀? Ojú ti ń tì í pé ẹ̀rọ náà ti ń ké láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú jáde. Ó na ọwọ́, ó sì fa irin tí wọ́n fi ń pa á. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́, ó gbọ̀n, ó dákẹ́.

"Mi ò ní tàn án mọ́," ni ó wí, "títí Màmá á fi parí opó."

Ohun tó sọ ju ohun tí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Husain gan-an kò retí tó bẹ́ẹ̀. Bóyá ká ní ó sọ pé òun á máa pa á lálẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ti ń ti Ẹ̀ríolúwa báyìí, kì í mọ ibi tó yẹ kó dá ẹnu rẹ̀ dúró sí. Husain gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ṣàdúrà fún un, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde lọ.

Iṣẹ́ tí Ẹ̀ríolúwa ń ṣe kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń ṣàlàyé fún ẹni tí ebi ń pa. Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaròó, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa ẹ́ńjìnnì. Òun náà sì ń kàwé lọ́wọ́ ní yunifásítì, ìwé tó máa sọ ọ́ di dókítà. Ohun tó ń wá ìdí rẹ̀ ni bí iná ṣe ń ràn nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ mọ̀ pé dísẹ́ẹ̀lì kò nílò ẹni tí yóò ṣáná sí i. Pístìn á há afẹ́fẹ́ mọ́ inú sílíńdà, á tẹ̀ ẹ́ títí afẹ́fẹ́ náà á fi gbóná janjan, nọ́súlù á wá fọ́n epo sí i lẹ́búlẹ́bú, epo á sì gbiná fúnra rẹ̀. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Kò sẹ́ni tó lè yọjú wo inú ibẹ̀. Nítorí náà ni Ẹ̀ríolúwa ṣe kọ́ irú sílíńdà bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó gé inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé iṣu àsáró, ó sì ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ègé kọ̀ọ̀kan: ìgbóná rẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀, epo rẹ̀, èéfín rẹ̀.

Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe kí ojú tó ṣẹ́, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yóò fi ṣe é, láìsùn, láìsinmi. Iná ìjọba kò sì lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì onísílíńdà kan ló ń gbé kọ̀ǹpútà náà ró, ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ yìí kan náà sì ni Ẹ̀ríolúwa wọ̀n tí ó fi kọ́ tinú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ń jó epo kí kọ̀ǹpútà lè ṣírò bí ẹ̀rọ ṣe ń jó epo. Dámilọ́lá ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ kíyè sí èyí, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà yẹn wọ́n ṣì jọ ń gbé.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé Dámilọ́lá lọ sí ìlú Òyìnbó, ó sì mú Ìtẹ́olúwakìíṣí ọmọbìnrin wọn dání. Ẹ̀ríolúwa ní kí wọ́n máa lọ, pé òun ń bọ̀ lẹ́yìn, kí òun ṣáà parí ìwé yìí. Ọdún kan gorí òmíràn, kò tíì parí. Ilé-ìwé ti sún ọjọ́ síwájú fún un títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní bí òpin oṣù tó ń bọ̀ bá kọjá láìrí iṣẹ́ náà, àwọn á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa. Bí jẹnẹrétọ̀ kò bá sinmi, iná inú kọ̀ǹpútà yóò jó tán kí ọjọ́ náà tó pé. Àfi bó ṣe wá lọ fi ẹnu ara rẹ̀ pa á.

Ó gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, ó lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kejì, ìṣirò ń padà sẹ́yìn ju bó ṣe ń tẹ̀ síwájú lọ. Ó rò ó bóyá òun lè gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí iwájú ilé, ṣùgbọ́n etí títì ni iwájú ilé náà, tírélà sìmẹ́ńtì tó ń ti Ìbèsè bọ̀ kì í jẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo, olè tó bá fẹ́ jí i kò ní pẹ́ gbé e. Níkẹyìn, ó gbé kọ̀ǹpútà padà wálé, ó fi aṣọ bò ó.

Ilé wá dákẹ́. Ẹ̀ríolúwa kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ilé òun lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán nínú ìdáná, ó ń gbọ́ ìró ṣíbí ara rẹ̀ lórí àwo. Tó bá ti jẹun tán nírọ̀lẹ́, á lọ jókòó lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ti tutù. Kò fẹ́ jẹ́wọ́ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń retí ohùn kan tó mọ̀ pé kò ní wá mọ́.

Láti ìgbà tó ti gbé jẹnẹrétọ̀ náà dé, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí Alhaji Bàrúwà kì í ké sí i lórí ògiri. Awakọ̀ tírélà ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Tó bá ti kírun Àsárì tán, á wá dúró sí ẹ̀yìn ògiri, á ní, "Dókítà, ṣé ó ń jóná dáadáa?" Ẹ̀ríolúwa á ní, "Ó ń jóná dáadáa, Bàbá." Bàbá á ní, "Alihamudulilahi," á sì wọlé lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ríolúwa kò bi í rí bóyá jẹnẹrétọ̀ ló ń béèrè tàbí iná inú kọ̀ǹpútà. Ìgbà kan tó sọ fún un pé òun kò tíì di dókítà, bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tí mo bá dúró dìgbà tí wọ́n bá fún ẹ, ṣé ó dá ẹ lójú pé màá wà níbẹ̀?" Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ náà. Bí Ẹ̀ríolúwa bá rántí rẹ̀ báyìí, ó máa ń dùn ún wọ eegun.

Nígbà tí Dámilọ́lá pè lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú, ó kọ́kọ́ béèrè ìdí tí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ fi pa rọ́rọ́. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ríolúwa ṣàlàyé fún un.

"Lọ bá màmá náà," ni Dámilọ́lá wí. "Bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n á gbọ́ ẹ."

"Dámi, opó ni wọ́n. Ṣé kí n lọ kan ilẹ̀kùn opó Mùsùlùmí, èmi ọkùnrin, èmi nìkan, kí n ní kí wọ́n jẹ́ kí n tan jẹnẹrétọ̀?"

"Husain ńkọ́? Pè é."

"Mo ti ṣèlérí fún un."

Dámilọ́lá mí kanlẹ̀. "Ìwọ àti ojú tó máa ń tètè tì ẹ́ yìí." Ó tún ní, "Ìtẹ́ ń bi mí pé ìgbà wo ni iná náà máa jó tán. Kí ni kí n sọ fún un?"

"Sọ fún un pé kò ní pẹ́."

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un tipẹ́," ni Dámilọ́lá wí. Kò bínú sọ ọ́, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Nígbà tó yá, ó ní àkókò iṣẹ́ òun ti tó, ó sì dágbére fún un.

Òpin oṣù tí ilé-ìwé dá dé, ó sì kọjá. Ẹ̀ríolúwa ló pe ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, kò fẹ́ kí ọkùnrin náà máa retí lásán.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?" ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà bi í. "Nígbà tá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ìwọ lo sọ fún mi pé ó ti kù díẹ̀."

"Ẹnìkan ló kú, sà."

"Pẹ̀lẹ́ o. Ẹbí rẹ ni?"

"Rárá, sà. Ará ilé kejì mi ni."

"Ẹ̀ríolúwa," ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà wí, "mo ti bẹ̀ wọ́n fún ọ títí, ẹnu ti rẹ̀ mí. Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó pa ọ́ lára jù." Ẹ̀ríolúwa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi fóònù sórí tábìlì, ó sì jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ ọn lára láìtan iná. Inú rẹ̀ bà jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó yà á lẹ́nu ni pé kì í ṣe oyè náà gan-an ló ń dùn ún. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò sí ẹnìkan ní gbogbo Ìlaròó tí yóò sọ ọ́ fún. Ẹni kan ṣoṣo tó máa ń béèrè ni wọ́n sin yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn èyí, ó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tó gbọ́ ohùn obìnrin láti òdìkejì ògiri.

"Bàbá Ìtẹ́?"

Ẹ̀wù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ìyá Husain ni. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Obìnrin kan tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, tó ń ti Ìmàṣàyí wá gbé oúnjẹ fún un, nìkan ló máa ń rí tó ń wọlé tó ń jáde.

"Màmá, ẹ kú ilé. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"A dúpẹ́." Ó béèrè pé, "Ìgbà wo lẹ dé?"

"Màmá, mi ò lọ ibì kankan."

"Ibí lẹ wà láti ọjọ́ yìí wá?"

"Ibí ni mo wà, Màmá."

"Mo rò pé ẹ ti lọ bá ìyàwó yín ni. Ẹ̀rọ yín dákẹ́ lọ́jọ́ kẹjọ Alhaji, n ò gbọ́ ọ mọ́. Mo ní, àní òun náà ti lọ, kò tiẹ̀ dágbére. Ó dùn mí, n ò ní parọ́. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tẹ́ ẹ ń gbọn aṣọ lórí okùn báyìí."

"Nítorí yín ni mo ṣe pa á, Màmá. Kí ẹ lè sinmi."

"Ta ló ní mo fẹ́ sinmi?"

Ẹ̀ríolúwa súnmọ́ ògiri. Kò lè rí obìnrin náà, ògiri ga ju orí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Awakọ̀ ni mo fẹ́, Bàbá Ìtẹ́," ni Ìyá Husain wí. "Tó bá ti lọ, n ò mọ ọjọ́ tó máa dé. Tí mo bá sùn, etí mi kan máa ń wà ní títì. Tí mo bá wá gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ níwájú ilé, ó dé nìyẹn. Kì í sì í tètè pa á. Á jẹ́ kó máa ké lọ bẹ́ẹ̀, á máa yẹ táyà wò, á máa tú okùn. Oorun tí mo bá sùn lásìkò yẹn, kò sí irú ẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, òun náà ò rí oorun sùn mọ́, ó ní ilé ti dákẹ́ jù. Ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ yín dé, ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe?"

"Rárá, Màmá."

"Yàrá iwájú là ń sùn tẹ́lẹ̀. Òun ló ní ká gbé bẹ́ẹ̀dì wá sẹ́yìn, sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yìí." Ó fi ọwọ́ lu ògiri náà jẹ́jẹ́. "Wọ́n wá gbé Alhaji lọ, àwọn ọmọ lọ, ẹ̀yin náà pa tiyín. N ò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà wá."

Ẹ̀ríolúwa fi ọwọ́ lé ògiri. Ó rántí bí Husain ṣe na ọwọ́ sí ẹ̀rọ lábẹ́ fèrèsé wọn. "Ẹ má bínú, Màmá. N ò bi yín."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ bi mí? Opó ni mí, ọkùnrin ni yín, ẹ ò lè kan ilẹ̀kùn mi. Husain tí mo bí gan-an kò bi mí, gbogbo wọn ló ti mọ ohun tó dáa fún mi. Àbúrò mi ní kí n mú sùúrù, kí n má bá ọkùnrin kankan sọ̀rọ̀ títí màá fi parí. Ṣùgbọ́n ògiri wà láàárín wa, Ọlọ́run sì rí mi." Ó wá béèrè bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí lọ́kàn: "Iṣẹ́ yín ńkọ́? Alhaji sọ fún mi pé ẹ̀rọ yẹn niṣẹ́ yín gbára lé. Ṣé pípa tẹ́ ẹ pa á yìí kò ba iṣẹ́ yín jẹ́?"

Ẹni tí Ẹ̀ríolúwa yóò sọ ọ́ fún ti wá dúró sí òdìkejì ògiri báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń béèrè. Ó wo bẹ́ńṣì tó ti ń jókòó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyí. Bó bá sọ ọ́, obìnrin náà yóò gbé e lé orí ọ̀fọ̀ tó ń ṣe lọ́wọ́, yóò sì máa gbé e kiri nínú ilé tí kò lè jáde kúrò nínú rẹ̀.

"Kò ba nǹkan kan jẹ́, Màmá," ni ó wí. "Ó kàn dúró díẹ̀ ni."

"Alihamudulilahi," ni Ìyá Husain wí.

Kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì wà níbi tó gbé e sí lọ́jọ́ tí Husain wá. Ẹ̀ríolúwa nu eruku orí rẹ̀ kúrò, ó da epo inú rẹ̀ sínú táǹkì. Ó ki irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì bọ̀ ọ́, ó yí i, kò dáhùn. Ó tún yí i, èéfín funfun kan tú jáde lẹ́nu saláńsà, ó sì kú. Ó bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó gbá irin náà mú tọwọ́ méjèèjì, ó yí i bí ẹni tí inú ń bí. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá mú un, ògiri sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bó ṣe máa ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀.

Ó kọ́kọ́ rò pé òun á jókòó síbẹ̀ ni, nítorí kò sí ohun tí iná náà fẹ́ ṣe fún un mọ́. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó ṣí aṣọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Àwòrán sílíńdà náà yọ, ibi tó dúró sí ló ṣì wà: nọ́súlù ti fọ́n epo tán, àmì pupa kékeré kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́bàá etí rẹ̀, níbi tí iná ti fẹ́ ràn. Kò sí ilé-ìwé tó ń dúró dè é. Ìtẹ́ nìkan ló ṣì ń béèrè ìgbà tí yóò jó tán. Ẹ̀ríolúwa tẹ bọ́tìnnì, ó sì ní kí ó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ó ti fẹ́ jókòó nígbà tó gbọ́ tí ẹnìkan ń ké lẹ́yìnkùlé, ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kó dá a mọ̀ dáadáa. Ó jáde síta, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Dókítà," ni Ìyá Husain ń ké, ohùn rẹ̀ lọ sókè ju bó ṣe máa ń lọ. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ṣé ó ń jóná dáadáa?"

Ẹ̀ríolúwa gbé ohùn sókè ju ariwo ẹ̀rọ lọ.

"Ó ń jóná dáadáa, Màmá."

Ó gbọ́ tí bàtà obìnrin náà ń fà lọ sínú ilé. Lẹ́yìn náà ni iná àtùpà yọ lókè ògiri, ní fèrèsé yàrá ẹ̀yìn, ọwọ́ kan sì ti ilẹ̀kùn fèrèsé náà síta, ó ṣí i gbayawu sí ariwo.